Iké Màlúù Inú Abọ́ Baálé

Nígbà tí ọkọ mi wà láyé, mi ò fi ẹnu mi pe orúkọ rẹ̀ rí. Bàbá Hafeez ni mò ń pè é. Ó ti kú báyìí, inú sì ń bí mi sí i ju kí n ṣì máa ṣe ojú ayé fún un lọ. Àtàndá ni màá pè é níhìn-ín. Bí ó bá dùn ún, kó wá dá mi lóhùn.

Àtàndá tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí òun fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé. Bí ó bá dìde dúró, aṣọ á máa fẹ́ lára rẹ̀ bí èyí tí wọ́n sá sórí okùn. Ó ka títẹ́ẹ́rẹ́ yìí sí ìwà rere, bí ẹni pé òun ló ṣiṣẹ́ fún un. Tó bá rí ọkùnrin tó yọ ikùn lójú títì, á pòṣé, á ní, "Wo bí ẹni yìí ṣe ń fi ẹnu ara rẹ̀ gbẹ́ sàárè." Èmi ni mò ń se èyí tí òun ń fi ẹnu tirẹ̀ jẹ, mo sì mọ ẹni tó ń gbẹ́lẹ̀.

Ògbómọ̀ṣọ́ la ti wá. Bwari ní Abuja la kọ́kọ́ gbé, nínú yàrá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Láàárọ̀, Àtàndá á fi okùn so bàtà pọ̀ ní méjì-méjì, á kó wọn kọ́ èjìká, á wọ ọkọ̀ dé Wúsè, ẹsẹ̀ ló kù. Wúsè, Garki, Maitama, ẹsẹ̀ ló fi ń kiri gbogbo rẹ̀. Bàtà tí òun fúnra rẹ̀ ń wọ̀ kì í lò ju oṣù méjì lọ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó lu. Lọ́jọ́ Sunday, á tẹ̀lé mi lọ sí oko ẹ̀gẹ́ tí a fi ń ran ara wa lọ́wọ́ lẹ́yìn òkè. Ẹ̀wà là ń jẹ, àti ẹ̀fọ́, àti iṣu, àti ẹja gbígbẹ. Ẹran, ó di ọjọ́ ọdún. Kò sẹ́ni tí àyà ń ro nínú wa. Kì í ṣe pé a gbọ́n nígbà náà. Agbára àtigọ̀ ni a ò tíì ní.

Nígbà tó rí ṣọ́ọ̀bù gbà ní ọjà, ó ra àga onítìmùtìmù kan sí i. Láti ọjọ́ náà ló ti jókòó, ọdún mẹ́rìnlélógún ló sì fi jókòó. Ọkọ̀ ń gbé e lọ, ọkọ̀ ń gbé e bọ̀. Ọ̀pá gígùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó ní ìwọ̀ lórí. Bí oníbàárà bá na ìka sí bàtà tó wà lókè, Àtàndá á na ọ̀pá, á fa bàtà sílẹ̀, á sọ ọ́ sí i lẹ́sẹ̀, ìdí rẹ̀ ò ní kúrò lórí àga. Ọkùnrin tó ń wọ bàtà fún ẹsẹ̀ gbogbo èèyàn, òun nìkan ni kò lo ẹsẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a kó lọ sí Gwarinpa, tí láti ìta ilé dé ṣọ́ọ̀ṣì iwájú wa ò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, ọkọ̀ ló fi lọ kí ẹni tó ṣe ìgbéyàwó níbẹ̀.

Ilé ọlọ́lá kan wà ní Maitama tó máa ń gbé bàtà lọ fún. Lọ́jọ́ kan, ó bá baálé ilé náà lórí ẹ̀rọ kan tí èèyàn ń rìn lórí rẹ̀ tí kì í dé ibì kankan. Ó darí wálé, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Mùfúlíátù, o ò rí aṣiwèrè. Ó ń làágùn nínú ilé ara rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rá ló wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀. Àìsàn Maitama nìyẹn, kò lè mọ̀nà ọ̀dọ̀ wa." Aṣiwèrè náà ṣì wà láyé. Òun ló rán awakọ̀ rẹ̀ wá kí mi nígbà tí ọlọ́gbọ́n kú.

Ẹ wá gbọ́ ti abọ́. Ní ìdílé ọkọ mi, ẹran tó lọ́ràá jù ni ti baálé. Ní Abuja yìí, iké màlúù ni, èyí tí àwọn Hausa alápatà ń pè ní tózò: ọ̀rá funfun báláú, tí ẹran pupa kàn gba àárín rẹ̀ kọjá bí ẹni tó ṣìnà. Alápatà á ti rí mi lókèèrè, á ní, "Sànnu Hájíà, tózò Alhaji wà nílẹ̀." Ọmọ kì í fọwọ́ kan ẹran náà. Ìyàwó kì í tọ́ ọ wò. Ẹyin pẹ̀lú, ti baálé ni, nítorí wọ́n ní ọmọ tó bá ń jẹ ẹyin á jalè. Bẹ́ẹ̀ ni Àtàndá ṣe jẹ ẹyin ọmọ mẹ́rin mọ́ tirẹ̀ fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Wàrà díndín ń bẹ níbẹ̀, nínú òróró tí a ti fi dín nǹkan mẹ́ta ṣáájú. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń gbé e fún un. Mo tún máa ń fi ṣíbí bu ọ̀rá ojú ọbẹ̀ lé iké náà lórí, nítorí nílé wọn, bí ọ̀rá ò bá tíì hàn, ọ̀wọ̀ ò tíì hàn. Ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é. Mi ò ní dárúkọ ẹlòmíì mọ́ ọn.

Nínú Ramadan ọdún tó pé ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àwọn nọ́ọ̀sì wá sí àsàláátù wa ní Gwarinpa láti yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Obìnrin Èkìtì kan tó ń jẹ́ Bọ́sẹ̀ ló ṣáájú wọn, Kìrìsìtẹ́nì. Ó ti ránṣẹ́ ṣáájú pé kí ẹni tó bá fẹ́ ṣe é má jẹun fún wákàtí mẹ́wàá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi mú Ramadan, wọ́n ní a ti ń gbààwẹ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni wọ́n dá, sààrì aago márùn-ún sì wà nínú ikùn kálukú gbọingbọin. Nọ́ọ̀sì ò mọ sààrì, àwa ò mọ wákàtí.

Mo jókòó ti Àtàndá nígbà tí Bọ́sẹ̀ ń bi í léèrè.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Àádọ́ta àti díẹ̀."

"Mélòó ni díẹ̀ náà?"

"Díẹ̀ ni díẹ̀."

Mo ní, "Mẹ́jọ ni."

Ó wò mí bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Iṣẹ́ yín ńkọ́, sà? Ṣé ẹ máa ń jókòó púpọ̀?"

"Èmi? Oníbàtà ni mí. Kò sí àdúgbò tí mi ò fi ẹsẹ̀ rìn ní Abuja."

Mo ní, "Ẹ ní kó dárúkọ ọdún tó rìn kẹ́yìn fún yín."

Bọ́sẹ̀ fi ìwé bo ẹnu. "Ṣé ẹ ń mu sìgá, sà?"

"Nínú Ramadan? Rárá o."

"Lẹ́yìn Ramadan ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká débẹ̀ ná."

"Bàbá tó bí yín, ṣé wọ́n wà?"

"Wọ́n ti kú."

"Kí ló pa wọ́n?"

"Ayé ni."

Bíírò obìnrin náà dúró lórí ìwé. "Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí ayé pa wọ́n?"

"Mọ́kànléláàádọ́ta. Wọ́n ń fọ ojú lọ́wọ́ ni, wọ́n ṣubú."

"Ṣé ó tún ṣe ẹlòmíì nílé yín?"

"Ẹ̀gbọ́n mi àgbà. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Òun ń ka lẹ́tà lọ́wọ́."

"Ayé náà ni?"

"Ayé náà ni."

"Ayé yìí fẹ́ràn àyà ọkùnrin ilé yín, sà," ni Bọ́sẹ̀ wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Mi ò mọ orúkọ tí ìwé wọn ń pe ayé.

Nígbà tí èsì dé, ó pe àwa méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Tèmi ga díẹ̀. Ó ní bí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dáwọ́ dúró, ohun kan tó ń ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa bá a lọ, nítorí náà kí n má rò pé ti ọkùnrin nìkan ni. Ó wá kan ti Àtàndá. Ó kọ́kọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Bàbá, ọ̀rá ẹ̀jẹ̀ yín pọ̀ jù."

Àtàndá gbé apá méjèèjì sókè kí wọ́n lè rí i dáadáa. "Èmi tí mo tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí? Níbo ni ọ̀rá rí gbé?"

"Nínú ẹ̀jẹ̀ ni, sà, kì í ṣe nínú ṣòkòtò. Ṣé ẹ mọ páìpù tí omi ìfọbọ́ ń gbà jáde ní kíṣìnì? Ọ̀rá a máa dì mọ́ ọn nínú, ẹ ò ní mọ̀ níta. Ọjọ́ tó bá dí pátápátá lẹ máa mọ̀. Ẹ̀yin, ó ti wà nínú ìdílé yín, ọjọ́ orí yín ti dé e, ẹ ń jókòó, sìgá tí ẹ ní ká débẹ̀ ná sì wà níbẹ̀."

Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti kígbe láti ẹ̀yìn pé àwọn kúkú jẹ sààrì. Ariwo sọ. Bọ́sẹ̀ bẹ̀ wá pé òun ò mọ̀, pé kí àwọn tí tiwọn ga padà wá láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kó tó di ìṣínu, kí òun tún un wò. Ó wá kọjú sí Àtàndá, ó ní, "Ṣùgbọ́n oúnjẹ àárọ̀ kan ò lè gbé e dé ibi tó dé yìí, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá."

Ìdajì àkọ́kọ́ ni ọkọ mi gbọ́. Láago mẹ́rin, ó ti sùn sórí ẹní. Mo jí i. Ó ní, "Sààrì ni wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Ẹ̀wà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ni. Lọ sọ fún un pé ó dùn."

Ó gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sọ́jà. Ọdún méjì ló fi ń dẹ́rìn-ín pa àwọn èèyàn. Saeed, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n jọ ń tajà, ló ń gbè é. Bí oníbàárà bá ti jókòó, Saeed á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ sọ ti nọ́ọ̀sì tó rí sààrì nínú ẹ̀jẹ̀." Àtàndá á tún bẹ̀rẹ̀, á máa ju ọ̀pá oníwọ̀ ọwọ́ rẹ̀ sókè sílẹ̀. Àwọn ọkùnrin tí ọ̀rá ti dì mọ́ nínú á máa fi àyà rẹ́rìn-ín.

Mo yọ iké kúrò lábọ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹja ni mo fi sí i. Kò bá mi sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Ó fẹjọ́ mi sun ìdílé rẹ̀. Saeed ló wá. Mo ju Saeed lọ dáadáa, ṣùgbọ́n inú ilé ni mo bá a nígbà tí mo wọlé ọkọ, nítorí náà ọkọ mi ni, "ẹ" ni mo sì ń pè é. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ìyàwó wa, a gbọ́ pé ẹ ń fi ebi pa ẹ̀gbọ́n wa."

"Nọ́ọ̀sì ló ní kó dín ọ̀rá kù, Bàbá Kékeré."

"Nọ́ọ̀sì náà, ọmọ ilé wa ni?"

"Rárá."

"Ó dáa. Ta ni baálé ilé yìí?"

Mo dá iké padà sínú abọ́. Ibi tí mo ti kùnà nìyẹn, mi ò sì fi pa mọ́. Mo mọ ohun tí mo mọ̀, mo sì kúnlẹ̀ gbé e fún un, nítorí pé ẹnì kan gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ níwájú mi.

Ọ̀sán ọjọ́ Tuesday ló kú, lórí àga onítìmùtìmù, ọ̀pá oníwọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Oníbàárà kan dúró níwájú rẹ̀, ó ní kó bá òun fa èyí tó tóbi díẹ̀ sí i. Ó rò pé ó ń tòògbé. Wọ́n ní ó bínú, ó ní irú oníṣòwò wo rèé. Ọgọ́ta ọdún gééré. Nígbà tí wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá fún mi, mo yí bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ náà padà. Ọdún keje rẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí ṣì lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ará ilé pé jọ. Wọ́n sunkún, wọ́n ní ayé ló ṣe é. Ó ti rẹ ayé nínú ìdílé yẹn, ó yẹ kí wọ́n fún un nísinmi. Ojú tí wọ́n fi ń wò mí, mo mọ̀ pé ọ̀kan nínú ayé náà ni wọ́n kà mí sí. Ẹja ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n rántí.

Nígbà tí mo parí opó, Saeed fi Hafeez, àkọ́bí mi, jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ nílé. Ó ní baálé ti dé. Hafeez ò ní pẹ́ pé ogójì ọdún, iléeṣẹ́ ìjọba ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó jókòó nínú ọkọ̀ dé ibẹ̀, ẹ̀rọ gbé e dé òkè kẹrin, ó tún jókòó títí di ìrọ̀lẹ́. Ọkọ̀ ló fi ń lọ ra búrẹ́dì. Ó tẹ́ẹ́rẹ́. Rahmah, ìyàwó rẹ̀, ọmọ tó mọ̀wé, tó mọ̀ ju èmi lọ nínú ohun gbogbo, ni mo rí tó fi ṣíbí bu ọ̀rá ojú ọbẹ̀ lé iké lórí. Lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ ọ. Mo wò ó bí ẹni tó ń wo ẹ̀yìn ara rẹ̀.

Nínú Ramadan tó kọjá, Bọ́sẹ̀ tún ń bọ̀. Ó ti mọ sààrì báyìí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sunday ló dá. Mo sọ fún Hafeez pé kó lọ.

"Mọ́mì, ara mi le. Ẹ wò mí." Ó gbé apá méjèèjì sókè. "Mo tẹ́ẹ́rẹ́."

Apá méjèèjì. Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbé e. Ọ̀rọ̀ ò ní wọ ibi tí ọ̀rá bá ti dí.

Lọ́jọ́ Saturday, Saeed wá ṣínu lọ́dọ̀ wa. A jẹ dàbínù, a mu ògì, a kírun. Rahmah gbé abọ́ dé, ó kúnlẹ̀, iké ń dán lórí ọbẹ̀ bí ọṣẹ. Kí Hafeez tó na ọwọ́, mo ti na tèmi. Mo fi ìka mú ẹran náà kúrò.

Rahmah fọwọ́ bo ẹnu. Hafeez ní, "Mọ́mì, kí lẹ̀ ń ṣe?"

Saeed gbé ojú sókè jẹ́jẹ́. "Ìyàwó wa, a kì í yọ ẹran lábọ́ baálé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Kékeré. A ti ṣì í gbé tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù nínú ọkùnrin tó kù." Mo fi iké náà sínú abọ́ rẹ̀. "Baálé gan-an ni yín. Ẹ jẹ ẹ́."

Ó wo ẹran. Ẹran wò ó.

"Bàbá yín jẹ ẹ́, ó dé mọ́kànléláàádọ́ta. Ẹ̀gbọ́n yín àgbà jẹ ẹ́, ó dé mẹ́rìndínlọ́gọ́ta. Ọkọ mi jẹ ẹ́, ó dé ọgọ́ta. Mélòó ni yín báyìí?"

Hafeez ló sọ ọ́, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀: "Wọ́n ti pé márùndínlọ́gọ́ta."

"Ẹ ṣì ní àyè díẹ̀ nìyẹn. Ẹ bù ú jẹ."

"Ìyàwó," ni Saeed wí, "ṣé ẹ fẹ́ kí n kú ni?"

"Ṣé iké màlúù ń pani ni? Mo ṣe bí ayé ni."

Ó ti abọ́ náà sí ọ̀dọ̀ Rahmah. "Gbé e fún ọkọ rẹ." Rahmah ò nawọ́. Ó ti abọ́ sí ọ̀dọ̀ Hafeez, Hafeez wo ọwọ́ ara rẹ̀. Abọ́ náà wá dúró sí àárín tábìlì. Ẹran ọ̀wọ̀ ìdílé tó ń yan fanda láti ìran bàbá dé ìran ọmọ, kò rí ẹni kan tó máa jẹ ẹ́. Ọbẹ̀ tutù. Ọ̀rá inú rẹ̀ ń funfun lójú wa, ó ń dì mọ́ etí abọ́, gbogbo wa sì jókòó, à ń wo páìpù Bọ́sẹ̀.

Hafeez ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Aago mélòó ni nọ́ọ̀sì yẹn wí?"

"Mẹ́rin."

"Tí mo bá jẹ sààrì ńkọ́?"

"Jẹ ẹ́, kí o ti ṣe tán láago márùn-ún. Wákàtí mọ́kànlá ló máa jẹ́. Ìwọ ni ìjọba ń gbé sórí òkè kẹrin, ó yẹ kí o lè kà á."

Ó lọ. Mo jókòó tì í bí mo ṣe jókòó ti bàbá rẹ̀. Bọ́sẹ̀ bi í ní ohun tó pa bàbá rẹ̀, ó ní, "Ọkàn ni." Kò dárúkọ ayé. Èsì rẹ̀ ga tó ti Àtàndá, nǹkan bí ogún ọdún ṣáájú ọjọ́ orí Àtàndá. Wọ́n kọ ìwé fún un sí dókítà, dókítà fún un lóògùn, ó ń lò ó. Nígbà tí a ń jáde, mo rí ọkùnrin kan ní ìparí bẹ́ńṣì tó fa fìlà bo ojú. Mi ò kí i. Ẹni tó bá fi fìlà bojú kò fẹ́ kíkí. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kò gbé ọ̀kan lé èkejì bó ṣe gbé e níwájú mi lọ́jọ́sí.

Báyìí, Hafeez ló mọ gbogbo rẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀sítéètì ló ti ń sọ̀ nínú ọkọ̀, á fi ẹsẹ̀ rìn wọlé, á wá máa sọ fún mi pé ó yẹ kí ènìyàn máa rìn. Lánàá, ó dúró lẹ́yìn mi ní kíṣìnì, ó ń kọ́ èmi, Mùfúlíátù, bí a ṣe ń ré ọ̀rá kúrò lójú ọbẹ̀. Mo jẹ́ kó sọ tán. Nígbà tó yí ẹ̀yìn padà, mo wo bàtà rẹ̀. Gìgísẹ̀ bàtà ọ̀tún ti ń gbó lápá kan.